Sìkóòpù kékeré wo ló yẹ ìbọn tí mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan lóko?

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé (Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ìbọn atẹ́gùn kan, irú èyí tí a máa ń ṣẹ́ lọ́rùn kí a tó ki ọta ẹyọ kan sí i. Ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.5. Òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan lóko: ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń dá ihò sí kòkó lórí igi, òkété tó ń wú ẹ̀gẹ́, ọ̀yà tó bá ya wọ àgbàdo. Irin ojú ìbọn fúnra rẹ̀ ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èyí tó wà lẹ́nu ìbọn ti ń di méjì lójú mi.

Lọ́dún tó kọjá mo ra sìkóòpù (awò orí ìbọn) 3-9x40 kan lọ́jà, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 3 sí 9, tí dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 40. Ẹni tó tà á búra pé kò sí irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò. Ọta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́tùn-ún lónìí, sósì lọ́la. Nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n wò, nǹkan ń mì wọrọwọrọ nínú rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́ nínú agolo.

Àbúrò mi kan tó wà ní Texas ní òun ní 1-6x24 lórí ìbọn tòun, pé òun lè bọ́ ọ fún mi tí òun bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ó ní irú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n wá 3-9 mìíràn tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ?

Sájẹ́ńtì_Ìkéré

Má gba ọ̀kankan. Irin tí wọ́n rọ mọ́ ìbọn láti ilé iṣẹ́, òun ni tèmi. Kì í fọ́, kò ní bátìrì, òjò kò lè wọ inú rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ológun títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò fi awò kankan sórí ìbọn rí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ìsinsìnyí, dígí lẹ ó fi owó kòkó rà tán.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

Sájẹ́ńtì, ọkùnrin náà ní irin ti ń di méjì lójú òun, ẹ ní kó lọ máa wo irin. Ẹ ṣeun o.

Àgbẹ̀, kí n tó sọ ohunkóhun, báwo ni ibi tí ẹran máa ń wà ṣe jìn sí ọ tó? Má fẹnu lásán dá mi lóhùn. Ọdẹ tó bá ń ròyìn, ọgọ́rùn-ún mítà ni tirẹ̀. Bí a bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, á di ogójì. Tí o bá dé oko lọ́la, dúró níbi tí o máa ń dúró gan-an, kí o ka ìṣísẹ̀ rẹ dé ìdí igi. Kí o padà wá sọ fún wa.

Ọmọ_Ìjerò_Texas

Ẹ̀gbọ́n, èmi tí ẹ ń sọ náà rè é. Bàbá Ọdẹ, mo kí yín. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ara mi kí wọ́n má bàa ní ará Amẹ́ríkà ti tún dé.

Ìbọn tèmi kì í ṣe ìran tiyín. Ìbọn ẹ̀tù tó ń yin ọta .223 ni, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 16. Mo ń fi yin pátákó ní Sátidé, mo sì ń fi lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó lóko ọ̀rẹ́ mi. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó níhìn-ín, ẹ fi ọ̀yà sílẹ̀: òru kan péré ni wọ́n fi ń tú oko tí èèyàn gbìn fún oṣù kan. Láti ọdún 2019 ni òfin Texas ti gbà pé ẹni tí onílẹ̀ bá fún láyè kò nílò ìwé ọdẹ láti pa wọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni. Ní báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ yẹn lè já jáde níwájú mi ní mítà mẹ́wàá, ó sì lè wà létí igbó lọ́hùn-ún ní mítà 150. Ìdí tí mo fi ra 1-6 nìyẹn. Bí mo bá fi sí 1, bí ojú lásán ṣe ń rí náà ló ń rí. Mo la ojú méjèèjì, àmì pupa kan wà láàárín, ibi tó bá bà lé ni ọta ń lọ. Bí mo bá yí i sí 6, mo máa mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń wò tàbí ọmọ màlúù onílẹ̀. Ẹni tó bá ti yin ọmọ màlúù ẹlòmíràn rí kò ní béèrè ohun tí 6 wà fún.

Ohun tí ẹni tó ń ta 3-9 kì í sọ ni ìbú ohun tí ojú máa rí. Ní mítà 100, tèmi ń fi nǹkan bíi mítà 35 hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó wà ní 1. 3-9, níbi tó kéré jù, ń fi bíi mítà 11 hàn. Ẹ wá gbé e wá sí mítà mẹ́wàá: mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lèmi ń rí, ẹni tó wà lẹ́yìn 3-9 ń rí mítà kan lé díẹ̀. Ẹran tó ń sáré ti kọjá kó tó wá a rí.

Sájẹ́ńtì, ẹ má bínú sí mi, àwọn ológun gan-an ló gbé irú awò yìí ga. Ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú SIG TANGO6T 1-6x24 lọ́dún 2018, àwọn Marine, ẹ̀ka ológun mìíràn níbẹ̀, mú Trijicon VCOG 1-8x28 lọ́dún 2020.

Sájẹ́ńtì_Ìkéré

Ta ló ń san owó rẹ̀ fún wọn? Jẹ́ kí Àgbẹ̀ lọ gba owó lọ́wọ́ Marine.

Mẹ̀káníìkì_Ọ̀yẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ sìkóòpù, ẹnì kankan ò tíì béèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Mo ń tún ìbọn atẹ́gùn ṣe, mo ti tú irú ìṣòro yìí ju ogún lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó tà á purọ́. Ìbọn náà ló pa á.

Ẹ wò ó. Ìbọn ẹ̀tù máa ń ta sẹ́yìn nìkan. Gbogbo ẹni tó ń ṣe sìkóòpù ló mọ ìyẹn, wọ́n sì ti di àwọn dígí inú rẹ̀ mú kó lè fara da ìtapá tó ń ti iwájú bọ̀. Ìbọn onísípíríngì, irú tiyín tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fà á, sípíríngì á ti písítìnnì lọ síwájú, ara ìbọn á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Nígbà tí písítìnnì bá wá débi tó parí sí, á gbá, gbogbo ìbọn á fò padà síwájú. Ìgbà méjì ló ń gbọ̀n, síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èyí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni wọn kò di dígí púpọ̀ sílẹ̀ dè. Mo ti rí awò tó jókòó sórí ìbọn tó ń pa ìgalà fún ọdún márùn-ún láìyẹ̀, wọ́n gbé e sórí ìbọn atẹ́gùn tí ìyá àgbà pàápàá kì í bẹ̀rù ìró rẹ̀, ó fọ́ láàárín oṣù kan.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe 1-6 tàbí 3-9. Ẹ wo ara páálí, kí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbọn atẹ́gùn onísípíríngì lè gbé e. Tí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ gbà pé kò lè gbé e. 1-6 àbúrò yín lè jẹ́ ojúlówó, kó sì tún fọ́.

Nǹkan kejì, ìdè. Lórí ìbọn atẹ́gùn púpọ̀, ojú irin tí ìdè ń gùn jẹ́ mìlímítà 11, ó dà bí kòtò tín-ínrín méjì. Ti àbúrò yín ní Texas, ojú irin Picatinny oníhò gbọọrọ ni, ìdè ibẹ̀ kò ní gba tibí. Kí ẹ sì wá ìdè tó ní píìnì kékeré lábẹ́, tó ń wọ inú ihò tó wà lórí ìbọn. Tí kò bá sí píìnì, sìkóòpù á máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa bú ọta.

Ọmọ_Ìjerò_Texas

Ẹ̀gbọ́n Mẹ̀káníìkì, ìyẹn ò yé mi tẹ́lẹ̀ o. Mo rò pé ohun tó bá gba .223, tata ni ìbọn atẹ́gùn lójú rẹ̀.

Mẹ̀káníìkì_Ọ̀yẹ́

Ohun tí gbogbo èèyàn rò nìyẹn, àbúrò. Òun ló ń fún mi níṣẹ́.

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé (Ọjọ́rú, 6:15 alẹ́)

Bàbá Ọdẹ, mo ti ka á. Ní ìdí kòkó: 17, 22, 14, 19. Etí àgbàdo: 26. Ibi tó jìn jù tí mo ti yìn ín rí, lẹ́bàá odò, 33. Ojú ń tì mí díẹ̀, nítorí èyí etí odò yẹn, ọgọ́ta ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

O ṣe é. Èmi náà ní ẹtu kan tí mo pa ní 80 tó di 35 nígbà tí mo tún débẹ̀. Igbó wa kì í jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá wà lórí òkè Ẹ̀fọ̀n lè rí ilé ẹlòmíràn, àmọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀ wọ ugbó, àádọ́ta mítà ti pọ̀.

Tísà_Físíìsì_Adó

Mo ti ń dúró de nọ́ńbà yìí. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà kò tó mítà kan dáadáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé mítà 10 sí 30 ni gbogbo iṣẹ́ Àgbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ sìkóòpù ti ń yàtọ̀ gan-an nìyẹn, ohun tó ń fà á ni èyí tí wọ́n ń pè ní párálásì.

Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ di ojú kan, ẹ fi àtàǹpàkò bo ojú fèrèsé tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ wá gbé orí sọ́tùn-ún díẹ̀. Àtàǹpàkò ti kúrò lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gbé ọwọ́. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sìkóòpù náà nìyẹn tí ìjìnnà ẹran kò bá bá ìjìnnà tí wọ́n tò ó fún mu: àmì àgbélébùú dà bí àtàǹpàkò, ẹran dà bí fèrèsé. Bí ojú yín kò bá sí láàárín gbùngbùn, àmì ń parọ́. Ọ̀pọ̀ sìkóòpù ìbọn ẹ̀tù ni wọ́n ti tò sí nǹkan bíi mítà 100 láti ilé iṣẹ́, kò sì sí ohun tí ẹ fi lè yí i.

Irọ́ náà ní ìwọ̀n. Ẹ mú ìdajì ìbú dígí iwájú, ẹ fi ìyàtọ̀ láàárín ìjìnnà méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi èyí tí wọ́n tò ó fún pín in. Ẹran wà ní mítà 25, wọ́n tò ó sí 100. Dígí mìlímítà 40: 20 lọ́nà 75, ká fi 100 pín in, ó jẹ́ mìlímítà 15. Dígí mìlímítà 24: 12 lọ́nà 75, ká fi 100 pín in, ó jẹ́ 9. Bó ṣe lè burú tó nìyẹn, nígbà tí ojú bá wà létí dígí pátápátá. Ọpọlọ ọ̀kẹ́rẹ́ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mìlímítà 15 ti gbé ọta kúrò nínú orí rẹ̀ lọ sínú ewé.

Ọmọ_Ìjerò_Texas

Ṣé ẹ rí i! Dígí kékeré borí. 24 tèmi ló dáa jù.

Tísà_Físíìsì_Adó

Lórí ìyẹn, o borí. Èyí tí wọ́n tò sí 100, tí kò ṣeé yí, 24 kéré ju 40 ní irọ́. Ṣùgbọ́n sìkóòpù mìíràn wà tí òrùka dígí iwájú rẹ̀ ṣeé yí, tí wọ́n kọ ìjìnnà sí i lára láti mítà 10 lọ sókè. Ẹ yí i sí 20 tí ẹran bá wà ní 20, irọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ó pọ̀ lára àwọn 2-7x32 àti 3-9x40 tí wọ́n ṣe fún ìbọn atẹ́gùn. Àwọn 1-6 tí èmi mọ̀ kì í sábà ní i. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé 2-7 ló bá Àgbẹ̀ mu. Dígí rẹ̀ kò tóbi, 2 rẹ̀ kò jìnnà sí 1 tìrẹ, òrùka rẹ̀ sì ṣeé yí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 9 tàn yín. Ní mítà 20, 9 á fi irun imú ọ̀kẹ́rẹ́ hàn yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀.

Ìyá_Ìgbẹ̀mọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo yín láti àná. Ṣé irú èyí lè bá mi lé ẹyẹ ẹ̀gà ní oko ìrẹsì? Wọ́n ti fẹ́ gbá gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbọn sílẹ̀. Ẹ̀gà tó bá bà sínú ìrẹsì yín á tó ọgọ́rùn-ún, ẹ ó pa ọ̀kan, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún á lọ sí ìlà kejì, wọ́n á sì padà kí ẹ tó ki ọta. Àwọ̀n àti ọmọdé tó mọ agolo lù ni oògùn wọn. Ìbọn wà fún ẹran tí ẹ lè kà.

Ìyá_Ìgbẹ̀mọ

Ọmọdé wo ló ń gbà láti lọ jókòó sóko ìrẹsì lóde òní? Ó dáa náà, mo gbọ́.

Awò_Ojú_Adó

Iṣẹ́ awò ojú ni mo ń ṣe, mo fẹ́ sọ sí ohun tí Àgbẹ̀ kọ́kọ́ sọ. Bí irin ẹnu ìbọn ṣe ń di méjì, kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni. Ẹni tó ń lo irin ń fẹ́ kí ojú rí nǹkan mẹ́ta pọ̀: irin ẹ̀yìn, irin iwájú, ẹran. Ẹni ogún ọdún lè yára gbé ojú láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹni àádọ́ta, dígí inú ojú rẹ̀ ti le, kò lè tẹ̀ mọ́, ohun tó sún mọ́ ọn á di kùrukùru. Nínú sìkóòpù, àmì àti ẹran dà bí ẹni pé wọ́n wà lójú kan náà. Nǹkan kan ṣoṣo lojú ń wò. Sájẹ́ńtì, ohun tí irin kò lè ṣe fún àgbàlagbà nìyẹn, kò kan ìlera tàbí àìlera.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tò ó fún ojú ara yín. Òrùka kan wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ojú. Ẹ dojú sìkóòpù kọ òfurufú tó mọ́, kì í ṣe oòrùn o! Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ gbé ojú kúrò. Tí àmì kò bá ṣe kedere láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ yí òrùka, ẹ tún wò ó. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn pẹ́, nítorí ojú á gbìyànjú láti tún un ṣe fúnra rẹ̀, á wá tàn yín jẹ.

Ti ìmọ́lẹ̀ ìdájí: ẹ fi nọ́ńbà ìlọ́po pín ìbú dígí iwájú. 40 nípa 9 jẹ́ 4.4. 24 nípa 6 jẹ́ 4. 32 nípa 7 jẹ́ 4.6, 32 nípa 4 sì jẹ́ 8. Mìlímítà ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wá bá ojú nìyẹn. Ọmọ ojú àgbàlagbà kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bíi 5 tàbí 6 lọ nínú òkùnkùn. Tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ dáadáa, ẹ yí i sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lókè lọ.

Ohun tó ń pa dígí jù ní Èkìtì kì í ṣe ìtapá. Èébu ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ní àsìkò òjò, tí ẹ bá gbé e sínú àpótí tí kò gba afẹ́fẹ́, láàárín oṣù mélòó kan èébu á ta gbòǹgbò bí òwú aláǹtakùn sí ara dígí, kò sì rọrùn láti yọ. Ẹ fi àpò kékeré tó ń fa omi sí i, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Àwọn tó dáa, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ náítrójìn kún inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kí ìrì má bàa bo dígí nínú.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

Ọmọ mi, òru ni kí o tún sọ̀rọ̀ lé. Tọ́ọ̀ṣì orí àti sìkóòpù kì í bá ara wọn gbé. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ti ọ̀rẹ́ mi. Iná láti iwájú orí mi ta sí ara sìkóòpù, ó sì ta padà sínú dígí ẹ̀yìn, funfun báláú ni mo ń wò, bí ẹni tó ń wo ìkuukùu. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lóru, kó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn, kí iná yọ kọjá ẹnu dígí iwájú. Èmi kò tún dán an wò mọ́, ojú lásán àti iná orí ni mo fi ń ṣe tèmi.

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé

Ọ̀sán lèmi máa ń lọ, Bàbá. Òru jẹ́ ti ẹ̀yin.

Ìbéèrè kan ṣì kù fún mi. Àmì tó ń tàn pupa nínú ti àbúrò mi, ṣé ó pọn dandan?

Ọmọ_Ìjerò_Texas

Fún ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sáré lábẹ́ igi, ó wúlò gan-an, nítorí àmì dúdú máa ń pòórá lára ẹran dúdú. Bátìrì CR2032 ló ń lò, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí i ní Adó. Fún ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó sórí ẹ̀ka, àmì dúdú tó nípọn tó. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àmì tó kún fún ìlà wẹ́wẹ́. Nínú tèmi, àmì kì í yí ìtóbi padà bí mo ṣe ń yí ìlọ́po, nítorí náà àwọn ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sọ òótọ́ àyàfi ní 6. Irú mìíràn wà tí àmì ń tóbi tó sì ń kéré pẹ̀lú ìlọ́po. Ìyẹn máa ń sọ òótọ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n tó bá wà ní 1, àmì rẹ̀ á tín-ín bí irun.

Tísà_Físíìsì_Adó

Àgbẹ̀ nílò mímọ ibi tí ọta ń sọ̀ sí ju ìlà lọ. Ìbọn atẹ́gùn rẹ, tó bá ń yin ọta gíráàmù kan ní nǹkan bíi mítà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lágbára bí .223. Tò ó kó máa bá àmì ní 25. Ní 40, á bọ́ sísàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ní mítà márùn-ún pàápàá á bọ́ sísàlẹ̀, nítorí sìkóòpù jókòó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sókè ọ̀pá ìbọn, ọta kò sì tíì gòkè dé ibi tí ojú ń wò. Kọ ọ́ sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn.

Bọ́tìnnì tí o fi ń yí àmì náà máa ń ró kẹ́ kẹ́; tí wọ́n bá kọ 1/4 MOA (ìwọ̀n igun kékeré) sí i, ìró kan ń gbé ọta ní nǹkan bíi mìlímítà 7 ní mítà 100. Ní 25, kò tó mìlímítà 2. Má yí ìró kan, kí o wá máa sọ pé kò gbọ́.

Sájẹ́ńtì_Ìkéré

Mo ti dákẹ́, mo ń kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò sọ. Àgbẹ̀, ìwé ìbọn rẹ dà? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ìbọn atẹ́gùn kò nílò ìwé. Irọ́ ni. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 to ìbọn atẹ́gùn mọ́ ìbọn ọdẹ olójú kan àti olójú méjì, ó nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà, tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìbọn irú ti àwọn ológun, 7.62, ti di èèwọ̀ fún aráàlú. Sìkóòpù tó dáa lórí ìbọn tí kò ní ìwé, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ ní ojú ọ̀nà lo ń rà á fún.

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé

Ìwé wà, Sájẹ́ńtì. Mo tún un ṣe lọ́dún yìí. Ẹ ṣeun.

Ọmọ_Ìjerò_Texas (Ọjọ́bọ̀, 11:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo lọ ka òfin kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Sìkóòpù ìbọn wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí a gbé jáde lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ, Nàìjíríà wà nínú wọn. N kò lè fi sínú àpò kí n sì máa rẹ́rìn-ín ní pápákọ̀ òfurufú. Ó máa dúró síbi tó wà. Màá mú bàtà oko wá fún yín.

Mẹ̀káníìkì_Ọ̀yẹ́

Bó bá gbé e wá pàápàá, ìbọn yín á pa á. Ẹ jẹ́ kó dúró fún ẹlẹ́dẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ní kí n padà wá ròyìn. Mo rí 2-7x32 kan tí wọ́n kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé ìbọn onísípíríngì lè gbé e, òrùka iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 10. Ìdè olópíìnì ni mo fi dì í, Mẹ̀káníìkì ló sọ fún mi irú tí mo máa béèrè. Ohun tí kò yé mi tẹ́lẹ̀ ni bí mo ṣe ń lò ó: láti ọjọ́ tí mo ti so ó, n kò tíì yí i kọjá 4 rí, àyàfi ọjọ́ tí mo fẹ́ fi han ọmọ mi.

Ní mítà 20, mo jókòó, mo gbé ìbọn lé àpò iyẹ̀pẹ̀. Ọta márùn-ún wọ inú ibi tí ìdérí ìgò mínírà bò. Tí mo bá fi ọwọ́ di ìbọn mú gírígírí, wọ́n máa ń fọ́n ká. Tí mo bá jẹ́ kó sinmi lọ́wọ́ mi, kó gbọ̀n bó ṣe fẹ́, wọ́n máa ń ṣa ara wọn jọ. Mẹ̀káníìkì, ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?

Mẹ̀káníìkì_Ọ̀yẹ́

Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ìbọn sípíríngì kò fẹ́ kí wọ́n di òun mú. Lẹ́yìn ọta ọgọ́rùn-ún, tún àwọn ìdè wò, á ti tú díẹ̀.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀kẹ́rẹ́ mélòó?

Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé

Mẹ́rin, Bàbá. Ẹ̀karùn-ún ti dá mi mọ̀, tó bá ti gbúròó bàtà mi, ẹ̀yìn igi ló ń gbà gùn.

Bàbá_Ọdẹ_Ẹ̀fọ̀n

Mẹ́rin, o kò sì rántí ẹnì kankan ní Ẹ̀fọ̀n.